Ohun Funfun Tí Ìyàwó Ń Gbé Mì

Ọdúnjọ oníṣègùn kò béèrè orúkọ ẹni tí Bàṣírát torí rẹ̀ wá. Ó kàn na ọwọ́ òsì síwájú, ó ní kó fi ohun tó mú wá sí i. Bàṣírát tú etí ìborùn rẹ̀, ó mú irun díẹ̀ jáde. Irun orí Waliyat ni, ìyàwó àbúrò rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣà á nínú kóòmù.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń mú janjan ní Ajah, ariwo àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń wọlé láti oríta. Àmọ́ nínú yàrá yìí, lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n kọ́ dé ìdajì tí wọ́n pa tì, òtútù ń mú. Kò sí fèrèsé. Bàṣírát ti rò pé òun á bá ère, òun á bá ẹ̀jẹ̀ lára ògiri, kò bá ọ̀kankan. Àwo omi kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, aṣọ dúdú bò ó.

Ọdúnjọ ká aṣọ náà kúrò, ó ju irun sínú omi. Irun náà kò léfòó. Ó rì bí irin.

"Ó ti mọ odi yí ara rẹ̀ ká," ni Ọdúnjọ wí. "Ọwọ́ mi ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

"Odi wo, Bàbá?"

"Nǹkan funfun kan wà tó ń gbé mì. Ilẹ̀ ọjọ́ kan kì í ṣú kó má gbé e mì. Òun ni odi ẹ̀. Òun náà ló fi di ọkàn àbúrò ẹ mú."

Ara Bàṣírát bù máṣọ. Kò tíì sọ fún Ọdúnjọ pé òun ti rí ìgò kan lábẹ́ àwọn ìró Waliyat, ìgò funfun tí wọ́n ya bébà ara rẹ̀ dànù. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Mú un kúrò, kí o fi tèmi dípò. Odi á wó. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: ẹnu ẹ ni ìdè ẹ̀. Ọjọ́ tó o bá fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́ fún èèyàn, orí ẹ ni gbogbo ẹ̀ máa padà sí."

Bàṣírát di etí ìborùn rẹ̀ mú. "Ó lóyún, Bàbá. Ọmọ àbúrò mi ni. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe ọmọ o."

Ọdúnjọ rẹ́rìn-ín, ó da aṣọ bo omi. "Ta ló dárúkọ ọmọ?"

*

Bàṣírát ló tọ́ Ìsmáílà. Ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Bàṣírát ni ọmọ náà wà tó fi ń lọ sóko. Ọkùnrin tó wá fẹ́ ẹ kò fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, Bàṣírát sì jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ. Nígbà tí Ìsmáílà kọ́ iṣẹ́ táìsì, tó sì tẹ̀lé àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá sí Èkó, Bàṣírát tẹ̀lé e. Ibi tí Ìsmáílà bá ti ń tẹ́ táìsì, níbẹ̀ ni Bàṣírát ti ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn lébírà. Lọ́dún yìí, inú VGC, ibùgbé àwọn olówó, ni sáìtì wọn wà. Sẹkúríítì géètì ti mọ ìkòkò rẹ̀ dunjú.

Ìsmáílà wá fẹ́ Waliyat, obìnrin kan tó ń rán kọ́tìnì fún àwọn onílé ńlá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń gbé fúláàtì kan ní Jakande Estate. Láti ìgbà yẹn ni Bàṣírát ti ń rí ilẹ̀kùn títì. Bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ á dá. Láwọn àárọ̀ kan, tọkọtaya náà á jọ jáde, wọ́n á sì padà láìmú nǹkan kan dání.

"Ibo lẹ lọ?" Bàṣírát á béèrè.

"Kò síbì kankan, Àǹtí mi."

Ọkùnrin tó jẹ́ pé, nígbà kan, bí kò bá rí ìgbẹ́ yà, ó máa sọ fún un. Kí ni wọ́n tún ń pè ní oògùn?

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Waliyat ní kòkòrò HIV lára. Ó ti wà lára rẹ̀ kí Ìsmáílà tó mọ̀ ọ́n. Waliyat sọ fún un kí wọ́n tó ṣe nìkáà, Ìsmáílà sì bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní bí Waliyat bá ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kòkòrò náà sì rọlẹ̀ débi tí ẹ̀rọ ò ní rí i mọ́, ọkọ ò ní kó o, ó sì ṣeé ṣe kó bímọ tí kò ní i. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀rọ ò rí kòkòrò náà mọ́, ara ọkọ mọ́, oyún sì dúró. Wọ́n pinnu pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́, pàápàá jù lọ Bàṣírát, torí pé ohun tí Bàṣírát bá mọ̀, gbogbo sáìtì ló máa mọ̀ ọ́n.

*

Ní ìdájí ọjọ́ kan lásìkò òjò, Waliyat jí, ó mú oògùn rẹ̀ nínú ìgò, ó fi omi gbé e mì. Ó dà bí ẹni pé ẹfun ni ó kàn án lórí ahọ́n. Ó dúró díẹ̀. Ó rò ó pé oyún ni, ẹnu aboyún kì í mọ adùn. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹfun. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹfun.

Kò pẹ́ tí àwọn èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ògiri. Wọn ò lọ síbi ṣúgà, wọn ò lọ síbi oúnjẹ tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Waliyat ń sùn sí ni wọ́n ń tò lọ, wọ́n á dé ibi ìrọ̀rí rẹ̀, wọ́n á yípo, wọ́n á sì padà. Nígbà tó yá, omi ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí òkun. Ìsmáílà ní òun ò gbọ́ òórùn kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Waliyat bá ọmọ́ńlé kan nínú ife omi rẹ̀. Ó ti kú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó funfun bíi ti ẹni tí wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀.

Ó da omi náà nù. Ó yẹ kó bẹ̀rù, àmọ́ ẹ̀rù ò bà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ní kòkòrò yẹn, nǹkan kan ti dákẹ́ nínú rẹ̀. Bíi ká sọ pé wọ́n pa iná yàrá kan, tí wọn ò sì rántí tàn án mọ́. Ó fọ ife náà, ó bu omi mìíràn mu.

*

Bí Waliyat bá ti lọ wọn fèrèsé lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, Bàṣírát á wọ yàrá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ ló le jù. Ó da àwọn oògùn inú ìgò náà sínú ọ̀rá, ó sọ wọ́n sínú gọ́tà, ó sì rọ ti Ọdúnjọ dípò. Wọ́n jọra. Wọ́n funfun, wọ́n gùn díẹ̀, Ọdúnjọ ti fi èéfín nǹkan kan sí wọn lára, àmọ́ òórùn náà ti lọ kó tó délé. Láti ìgbà náà, bí ìgò tuntun bá dé, ó ti mọ ohun tó máa ṣe.

Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo Waliyat. Ó ń wo ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń tínrín. Ó ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti inú yàrá kejì. Bí Ìsmáílà bá wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí, torí pé Waliyat ti ń sùn. Ó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń jókòó pẹ́.

Odi ń wó.

*

Nọ́ọ̀sì Tèmítáyọ̀ ti ilẹ̀kùn kó tó bá Waliyat sọ̀rọ̀. Ní ọsibítù, ohùn rẹ̀ kì í ga.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?"

"Lójoojúmọ́."

"Ẹ ò fo ọjọ́ kankan?"

"Mi ò fò ó."

Nọ́ọ̀sì náà wò ó bí wọ́n ṣe ń wo òpùrọ́ téèyàn ń káàánú. "Kòkòrò yẹn ti pọ̀ padà. Ó pọ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ẹ̀ ń lò ó, á jẹ́ pé oògùn yìí ò ràn án mọ́ nìyẹn. A máa ní láti wá òmíràn, ìyẹn sì máa gba àkókò. Oyún yín ò sì ní àkókò yẹn. Ọmọ lè kó o nígbà ìbímọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi."

"Òótọ́ ni mo sọ."

Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìgò tuntun, ó ní kó má dáwọ́ dúró, kó sì mú ìgò tó wà nílé dání bó bá ń bọ̀. Waliyat ní òun gbọ́. Ó bọ́ síta, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó jókòó. Awakọ̀ béèrè ibi tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Kò lọ sílé. Badore ló lọ, lọ́dọ̀ Àbẹ̀bí, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ta àgbo létí ọ̀sà.

*

Nígbà tí Waliyat sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí tán, Àbẹ̀bí mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ kíákíá, ó nu imú.

"Ẹnì kan ti wọ inú ilé ẹ."

"Ta ni, Àǹtí?"

"Mi ò rójú ẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí mi." Àbẹ̀bí dìde, ó ti ilẹ̀kùn tó dojú kọ omi. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, síbẹ̀ àwọn ewé tó so mọ́ àjà ń mì. "Àwọn oògùn òyìnbó tó ò ń lò yẹn, inú wọn ló ń gbà wọlé sí ẹ lára. Ṣé o ti rí i pé wọ́n ti já ẹ kulẹ̀? Jù wọ́n sílẹ̀. Èmi á gbé odi tèmi dìde. Oògùn méjì kì í jọba nínú ara kan."

Ó so okùn dúdú kan mọ́ ọn nídìí, ó fún un ní àgbo nínú ìgò àti ọṣẹ nínú ewé. Waliyat gbà á. Ó rẹ̀ ẹ́ láti jiyàn. Nígbà tó délé, ó ti ìgò tuntun tí nọ́ọ̀sì fún un sábẹ́ ibùsùn láìṣí i.

Ọ̀rẹ́ kan, ọ̀tá kan, tí wọn ò mọ ara wọn rí, ti jọ sọ ohun kan náà: kí obìnrin yìí má lo oògùn rẹ̀.

*

"Ọwọ́ mìíràn ti wọ ọ̀rọ̀ yìí," ni Ọdúnjọ wí. Omi inú àwo rẹ̀ ń yípo láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. "Obìnrin kan. Etí omi ló ń gbé." Inú rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó pẹ́ tó ti rí alátakò gbẹ̀yìn. Ó fún Bàṣírát ní ẹ̀bù dúdú kan. "Wọ́n ọn sójú ọ̀nà ẹ̀."

Bàṣírát wọ́n ọn láàárọ̀. Ní ọ̀sán, ìgò àgbo tó wà lórí tábìlì Waliyat fọ́ fúnra rẹ̀, àgbo náà sì ṣàn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró níbi tí ẹ̀bù náà wà bí ẹni pé ògiri ló kọlù. Òun àti Waliyat dúró, wọ́n ń wò ó. Waliyat mú ìgbálẹ̀, ó gbá àfọ́kù ìgò. Nígbà tí Àbẹ̀bí gbọ́, ó fi àgbo tó le ju ìyẹn ránṣẹ́. Waliyat mu ún, ó bì, ó tún mu ún. Ọdúnjọ tún fi ẹ̀bù mìíràn ránṣẹ́. Báyìí ni wọ́n ń jà, àwọn méjèèjì, láti Ajah sí Badore, ara Waliyat sì ni pápá.

Ibà wọlé. Egbò funfun bo ẹnu rẹ̀. Oyún náà ń tóbi, gbogbo ìyókù ara rẹ̀ ń lọ, débi pé bí Bàṣírát bá wò ó látẹ̀yìn, á dà bí ọmọdé tí wọ́n so ẹrù mọ́ níkùn. Kò mọ ìdí tí òun ò fi láyọ̀ mọ́. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún ló kúkú ń rí yìí.

*

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán ní sáìtì, àwọn lébírà ti gbé àwo wọn, Ìsmáílà nìkan ni kò wá. Bàṣírát bá a lórí páálí táìsì nínú yàrá tí wọn ò tíì kùn.

"Ṣé o ò jẹun ni?"

"Àǹtí mi, ìyàwó mi ń kú."

"Ọlọ́run máà jẹ́."

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín. Ó ti sú mi." Kò wo ojú rẹ̀. Ó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: kòkòrò HIV, ọsibítù, àwọn àárọ̀ tí wọ́n máa ń jáde. "Mo ti ṣe tẹ́ẹ̀sì, èmi ò ní i. Oògùn yẹn ni. Oògùn funfun kan báyìí tó ń lò. Òun ló ń dáàbò bo èmi, òun ló ń dáàbò bo ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní bí kò bá lò ó, ọmọ máa kó o. Ó wá ní òun ò lò ó mọ́. Ó ní ó ti já òun kulẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, Àǹtí mi. Ó kàn ń wò mí ni."

Bàṣírát padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọrí ìkòkò tó wà lórí iná, ó fi í síbẹ̀. Lébírà kan ló pariwo, "Ìyá olóúnjẹ! Ọwọ́ yín!" Ìgbà yẹn ló tó wo ọwọ́ náà. Kò dùn ún. Ó ń wò ó bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

*

"Ẹ tú u, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u."

"Kò ní ìtúsílẹ̀," ni Ọdúnjọ wí.

"Ẹ ní ọmọ ò sí nínú ẹ̀!"

"Mo bi ẹ́ pé ta ló dárúkọ ọmọ. O ò dáhùn." Ó ká aṣọ kúrò lórí omi. Omi náà ti funfun bí omi ògì. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Máa lọ sílé ẹ. Kí o sì rántí ẹnu ẹ. Bó o bá sọ ọ́, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé sin."

Bàṣírát gbà á gbọ́. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ó gbà á gbọ́. Ó ti rí irun tó rì, ó ti rí àgbo tó dúró. Nígbà tó ń rìn láti ibi tí kẹ̀kẹ́ já a sí ní Jakande, ó mọ̀ dájú pé bí òun bá ti la ẹnu, ikú ni.

Ó kan ilẹ̀kùn Waliyat ní ìrọ̀lẹ́. Waliyat wà nílẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri. Bàṣírát kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tó jóná wá abẹ́ ibùsùn títí ó fi rí ìgò tuntun náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ó gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife omi.

"Ìyàwó, lo oògùn ẹ."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìsmáílà ni. Lò ó."

"Kò ràn án mọ́, Àǹtí. Mo lò ó lójoojúmọ́, ó sì já mi kulẹ̀."

"Kò já ẹ kulẹ̀." Ahọ́n Bàṣírát ti wúwo. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ó rò pé òun ti ń kú, ó sì sáré kó ọ̀rọ̀ náà jáde kí ikú tó ká a mọ́ ẹnu. "O ò lò ó ni. Láti ìgbà òjò lo ò ti lò ó. Èmi ni mo kó o kúrò. Mo dà á sínú gọ́tà, mo fi òmíràn sí i. Mi ò mọ̀ pé... Mo rò pé oògùn tó o fi mú Ìsmáílà ni. Èmi ni, Waliyat. Èmi ni."

Kò kú. Ó wà lórí eékún, ó ń retí rẹ̀.

Waliyat ń wò ó. Bàṣírát ì bá fẹ́ kó gbá òun létí, kó pariwo kí gbogbo estate gbọ́. Waliyat kàn ń wò ó, bí èèyàn ṣe ń wo òjò láti inú ilé. Nígbà tó pẹ́, ó na ọwọ́ sí ìgò náà. Bàṣírát sáré mú un láti bá a ṣí i.

"Rárá," ni Waliyat wí. "Ẹ gbé e fún mi."

Agbára kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi eyín ṣí i. Ó mú oògùn kan, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó sì gbé e mì.

"Ẹ jáde, Àǹtí."

*

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Tèmítáyọ̀ gbọ́, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Á jẹ́ pé oògùn yẹn ṣì lágbára! Kò tíì kọ̀ yín. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá." Waliyat rò ó nínú ara rẹ̀ pé ó yani lẹ́nu kí irú nǹkan báyìí jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún èèyàn. Wọ́n dá a dúró, wọ́n tọ́jú ikọ́ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Kòkòrò náà ń rọlẹ̀, àmọ́ kò rọlẹ̀ tán kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, torí náà iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọbìnrin ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní oògùn olómi lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìsmáílà, tí Waliyat ti sọ gbogbo rẹ̀ fún, ti gbé bàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí páàkì kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Kò bú u. Kò wo ojú rẹ̀. Ó dúró títí mọ́tò fi ṣí, ó sì yí padà. Ní Ìsẹ́yìn, Bàṣírát ń sùn, ó ń jí. Ikú tí Ọdúnjọ ṣèlérí kò dé. Nígbà mìíràn, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó máa ń rò ó pé ì bá kúkú ti dé.

Ọdúnjọ ṣì wà ní Ajah. Nǹkan kan ò ṣe é. Àbẹ̀bí sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé okùn dúdú òun ló gba ọmọ náà là.

Nígbà tí èsì tẹ́ẹ̀sì ọmọ jáde, Ìsmáílà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀ ọsibítù, ó sunkún. Kò sí kòkòrò lára ọmọ. Àwọn tẹ́ẹ̀sì mìíràn ṣì wà níwájú, àmọ́ nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Waliyat gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń fún un lọ́mú bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kó máa ṣe. Ó ń dúró kí ayọ̀ dé. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún. Ó mọ nọ́ńbà náà, ó sì gbé e.

"Ìyàwó." Ohùn Bàṣírát jìnnà. "Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọmọ ńkọ́?"

Waliyat wo ọmọ tó sùn lórí aṣọ kọ́tìnì tí kò tíì rán tán.

"Wọ́n ti ṣe tẹ́ẹ̀sì fún un. Kò ní i."

Ó gbọ́ bí Bàṣírát ṣe bú sẹ́kún ní Ìsẹ́yìn. Ó dúró kó sun ún tó. Kò yára, kò sì pa fóònù.

"Alihamudulilai," ni Bàṣírát wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Alihamudulilai. Ọmọ bàbá mi. Kí lẹ sọ ọ́?"

Waliyat ṣí ẹnu. Orúkọ náà wà níbẹ̀, lórí ahọ́n. Ó wo ọmọ náà, ó wo ilẹ̀kùn tó wà ní títì, ó sì gbé orúkọ náà mì.

"Ó ń sùn, Àǹtí," ló wí.